Orúkọ Àyálò, Ohùn Ẹni: Ìtàn Ìwé Ìròyìn Rolling Stone ní Ilẹ̀ Bràsíl

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ṣòkòtò àgbàbọ̀wọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a máa ṣò ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ni í mu. Òwe yìí bá ìtàn ìwé ìròyìn orin kan mu, èyí tí wọ́n bí lẹ́ẹ̀mejì ní ilẹ̀ Bràsíl: ẹ̀ẹ̀kíní ní ọdún 1972, ẹ̀ẹ̀kejì ní ọdún 2006. Orúkọ tí ó ń jẹ́ kì í ṣe ti ilẹ̀ Bràsíl rárá. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti yá a. Síbẹ̀, ìtàn àwọn olórin ilẹ̀ Bràsíl ni ó gbé kalẹ̀, àwọn olórin tí púpọ̀ nínú wọn kò lè kọrin títí kí orúkọ òrìṣà ilẹ̀ Yorùbá má jáde lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ èdè Yorùbá, ẹ jẹ́ kí a jọ tú ìtàn yìí wò, nítorí ó kan gbogbo ẹni tí ó bá ń bèèrè pé: ta ni yóò kọ ìtàn orin wa sílẹ̀, orúkọ ta ni yóò sì fi kọ ọ́?

Ibi tí orúkọ náà ti wá

Ní ìlú San Francisco ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1967, ni Jann Wenner, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 21, àti Ralph J. Gleason, àgbà akọ̀ròyìn orin jáàsì, gbé Rolling Stone àkọ́kọ́ jáde. Dọ́là 7,500 tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹbí àti àna ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwòrán John Lennon ni ó wà lójú ìwé àkọ́kọ́, sẹ́ńtì 25 sì ni wọ́n ń tà á.

Wenner kò fi ibi tí ó ti rí orúkọ náà pamọ́. Ó sọ nínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn pé òwe àtijọ́ kan ni, èyí tí ó sọ pé òkúta tí ń yí kiri kì í hu èéhù lára. Muddy Waters, aláwọ̀ dúdú olórin blues láti Mississippi, ni ó mú un ṣe orúkọ orin. Ẹgbẹ́ olórin Gẹ̀ẹ́sì kan mú un lára orin Muddy Waters, wọ́n fi sọ ara wọn. Bob Dylan náà fi ṣe orúkọ orin tirẹ̀. Wenner wá mú un gẹ́gẹ́ bí ẹni kẹrin. Ẹ kíyè sí i dáadáa: ìwé ìròyìn tí yóò wá máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ará ilẹ̀ mìíràn nítorí orúkọ rẹ̀, àyálò ni orúkọ náà jẹ́ lọ́wọ́ òun alára, ẹnu aláwọ̀ dúdú sì ni ó ti wọ inú orin.

Bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀dà sílẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn

Ọ̀nà tí irú iṣẹ́ yìí ń gbà lọ kò ṣòro láti yé ni. Onílé ìwé ní Amẹ́ríkà yóò fún ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ òkèèrè ní ìwé àṣẹ. Ẹni náà yóò máa san owó ẹ̀tọ́ orúkọ. Wọn yóò sì fún un láàyè láti túmọ̀ ohun tí wọ́n kọ ní Amẹ́ríkà sí èdè ilẹ̀ rẹ̀, kí ó sì máa fi ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ kọ kún un. Ọwọ́ méjì ni ó ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ dúró: ọwọ́ àlejò tí ó ni orúkọ, àti ọwọ́ onílé tí ó ni ohùn. Bí ọwọ́ kan bá yẹ̀, ẹrù á fẹ́ dà nù.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, ní ọdún 1969. Mick Jagger, olórin ẹgbẹ́ Rolling Stones, ni ó wà lẹ́yìn ìwé náà. Kò pé ọdún kan tí àárín àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù àti Wenner fi dàrú. Wọ́n gba orúkọ náà padà. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ kò tú ká. Wọ́n dá ìwé mìíràn sílẹ̀, wọ́n sì pè é ní Friends. Ní Ọsirélíà, inú ìwé ìròyìn mìíràn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń fi Rolling Stone sí gẹ́gẹ́ bí àfikún, kí ó tó di ìwé tí ó dá dúró ní ọdún 1972. Ọdún 1972 yìí kan náà ni ti Bràsíl bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n bí ti Bràsíl sí gbóná ju ti àwọn yòókù lọ.

Ilẹ̀ tí ìbọn ń ṣàkóso

Láti ọdún 1964 ni àwọn ológun ti gba ìjọba ní Bràsíl, wọn kò sì kúrò níbẹ̀ títí di ọdún 1985. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1968 ni wọ́n gbé òfin kan jáde tí àwọn ará ilẹ̀ náà ń pè ní AI-5. Òfin yìí ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pa. Ó gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n bá mú nítorí ọ̀rọ̀ ìṣèlú láti pe ìjọba lẹ́jọ́ pé kí ó tú wọn sílẹ̀. Ó sì fún ìjọba ní agbára lórí ohun tí ìwé ìròyìn lè sọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn òfin yìí ni wọ́n mú Gilberto Gil àti Caetano Veloso ní ìlú São Paulo. Ọmọ Bahia ni àwọn méjèèjì, ìpínlẹ̀ tí òrìṣà ilẹ̀ wa ti fìdí múlẹ̀ jù lọ ní àríwá ìlà-oòrùn Bràsíl. Ní ọdún 1968 yẹn kan náà ni wọ́n ti kó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jọ láti ṣe àwo orin tí a mọ̀ sí Tropicália. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti pa gìtá oníná pọ̀ mọ́ orin ìbílẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rín bá àwọn alágbára wí. Ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ àwọn ológun. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà wọ́n sé wọn mọ́ ìlú Salvador, nígbà tí ó sì di oṣù Keje ọdún 1969, wọ́n lé wọn kúrò nílẹ̀ baba wọn. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n forí lé. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1972 ni wọ́n tó padà wálé.

Láàrin àkókò yìí, ìwé ìròyìn aláwàdà kan tí ń jẹ́ O Pasquim bẹ̀rẹ̀ ní Rio de Janeiro, ní oṣù Kẹfà ọdún 1969. Luiz Carlos Maciel wà lára àwọn tí ń kọ̀wé níbẹ̀. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ni, ó sì jẹ́ ẹni tí ó ti ṣe eré orí ìtàgé. Ojú ìwé kan wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ tí ó ń pè ní Underground. Níbẹ̀ ni ó ti ń ṣàlàyé fún àwọn ọ̀dọ́ Bràsíl ohun tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń rò ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù: àwọn tí wọ́n kọ ogun, tí wọ́n da irun wọn sílẹ̀, tí wọ́n sì ń wá ọ̀nà ìgbé-ayé tuntun. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1970, ìjọba kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ Pasquim lọ sí àtìmọ́lé nítorí àwòrán àwàdà kan tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ìtàn òmìnira ilẹ̀ náà. Maciel wà lára àwọn tí wọ́n mú. Nígbà tí ó jáde, kò fi iṣẹ́ ìwé kíkọ sílẹ̀.

Ìbí àkọ́kọ́: 1972 sí 1973

Maciel yìí ni wọ́n fi ṣe olóòtú nígbà tí Rolling Stone ti Bràsíl bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Rio de Janeiro, ní oṣù Kejì ọdún 1972. Bébà ìwé ìròyìn lásán ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe bébà dídán. Ezequiel Neves, alárìíwísí orin tí ahọ́n rẹ̀ mú bí abẹ, wà lára àwọn tí ń kọ̀wé sí i. Wọ́n ń túmọ̀ ohun tí ó ti Amẹ́ríkà wá sí èdè Potogí, wọ́n sì ń kọ nípa àwọn olórin tiwọn náà.

Ẹ wo bí àkókò náà ti ṣe rẹ́gí. Oṣù tí ó ṣáájú ìjáde ìwé yìí ni Gil àti Caetano padà dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1972 yẹn ni Caetano gbé àwo Transa jáde, tí Gil gbé Expresso 2222 jáde, tí Milton Nascimento àti Lô Borges gbé Clube da Esquina jáde. Ọdún náà ni ẹgbẹ́ Novos Baianos, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbé pọ̀ bí ọmọ ìyá nínú agboolé kan ní Rio, gbé Acabou Chorare jáde. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni ìbẹ̀rù ti pa ọ̀pọ̀ ẹnu mọ́, àfi bí ìgbà tí ìlẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Ìwé ìròyìn tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ orin kò lè rí ọdún tí ó dára ju èyí lọ.

Ṣùgbọ́n ọdún tí ó dára fún orin kì í ṣe ọdún tí ó dára fún àpò. Ìwé ìròyìn kì í gbé orí owó títà nìkan. Ìpolówó ọjà ni ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé-iṣẹ́ àwo orin ń rà ojú ìwé láti polówó nítorí pé ọjà orin àwọn ọ̀dọ́ tóbi níbẹ̀. Ní Bràsíl, ọjà náà kéré. Oníṣòwò tí ó fẹ́ràn àlàáfíà kò sì ní yá ara láti fi orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn onírungígùn tí ìjọba ń fura sí. Kò pẹ́ tí owó ẹ̀tọ́ orúkọ kò fi lọ sí San Francisco mọ́. Àwọn tí ó ni orúkọ náà dáwọ́ dúró láti máa fi nǹkan ránṣẹ́.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn èyí ni ó mú kí ìtàn náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Wọn kò ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ láìsí àṣẹ, pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tiwọn mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè pè é ní olè. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Muddy Waters, ẹ rántí pé gbogbo àwọn tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ni ó ti mú orúkọ yìí lára ẹlòmíràn. Nígbà tí nǹkan láti Amẹ́ríkà sì dín kù, ohùn àwọn ará Bràsíl ni ó kù láti gbé ìwé náà dúró. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973, lẹ́yìn ìwé 36, ó dákẹ́. Kò pé ọdún kan.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n láàrin

Àwọn tí wọ́n kà á pa á mọ́. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ ń bá iṣẹ́ wọn lọ: Ezequiel Neves, fún àpẹẹrẹ, di ẹni tí ó wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ olórin Barão Vermelho àti Cazuza ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí ìjọba ológun ń kógbá sílé.

Gil ní tirẹ̀ wá sí ilẹ̀ wa. Ní oṣù Kìn-ín-ní sí oṣù Kejì ọdún 1977, nígbà tí wọ́n ṣe àjọ̀dún FESTAC ní Èkó, ó wà lára àwọn tí ó ti Bràsíl wá. Nígbà tí ó padà délé, ó gbé àwo Refavela jáde ní ọdún yẹn kan náà. Orin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Babá Alapalá, tí ó pe Ṣàngó àti Aganjú lórúkọ. Òmíràn ń jẹ́ Ilê Ayê, tí í ṣe orúkọ ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Salvador ní ọdún 1974. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ láti mọ̀ pé ilé ayé ni wọ́n ń wí. Ìlù tí wọ́n ń pè ní ijexá, tí àwọn ẹgbẹ́ afoxé fi ń rìn ní ìgboro Salvador nígbà ọdún carnaval, orúkọ Ìjẹ̀ṣà ni ó ń jẹ́ títí di òní.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2003, Gil tí ìjọba lé kúrò nílùú nígbà kan di mínísítà fún ọ̀rọ̀ àṣà. Ipò yẹn ni ó wà nígbà tí wọ́n tún bí Rolling Stone ti Bràsíl.

Ìbí kejì: 2006

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2006, Rolling Stone tún jáde ní Bràsíl, oṣooṣù ni lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n gba ìwé àṣẹ, wọ́n sì san ohun tí ó yẹ kí wọ́n san. Bébà rẹ̀ ń dán. Ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lójú ìwé àkọ́kọ́ kì í ṣe olórin: Gisele Bündchen ni, arẹwà obìnrin tí gbogbo ayé mọ̀ nídìí iṣẹ́ aṣọ wíwọ̀. Àwọn kan lè wò ó kí wọ́n ní ṣòkòtò àgbàbọ̀wọ̀ nìyí, ó ti ń ṣò. Èmi kò ní bá wọn jiyàn púpọ̀. Ojú tí ọjà òkèèrè ti mọ̀ ni wọ́n fi ṣílẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, nígbà tí ó pé ọdún kan, wọ́n ṣe ohun tí kò sí ẹni tí ó lè bá wọn ṣe é láti Amẹ́ríkà. Wọ́n pe àwọn alárìíwísí, àwọn onímọ̀ àti àwọn tí ń ṣe àwo orin ní ilẹ̀ Bràsíl jọ, wọ́n ní kí wọ́n dìbò, kí wọ́n yan ọgọ́rùn-ún àwo orin tí ó dára jù lọ nínú ìtàn ilẹ̀ náà. Èyí tí ó gba ipò kìn-ín-ní ni Acabou Chorare ti Novos Baianos. Tropicália, àwo tí ó fa ìbínú àwọn ológun, ni ó ṣe ìkejì. Construção ti Chico Buarque, tí ó jáde ní ọdún 1971, ni ó ṣe ìkẹta.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Àwo tí ó gba adé ní ọdún 2007, ọdún 1972 ni ó jáde, nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ ṣì ń jà fún ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ kò lówó lọ́wọ́, ẹ̀dà kejì ní. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ kò ní àṣẹ mọ́ nígbẹ̀yìn, ẹ̀dà kejì ní. Síbẹ̀, ẹ̀rí kan náà ni àwọn méjèèjì jẹ́: pé orin tí wọ́n kọ ní ẹ̀yìnkùlé ilẹ̀ Bràsíl tó ohun tí a ń kọ sínú ìwé tí a fi orúkọ ńlá sọ. Àwo Os Afro-Sambas náà wà nínú ọgọ́rùn-ún yẹn, èyí tí Baden Powell àti Vinicius de Moraes ṣe ní ọdún 1966, tí orin Ọ̀sanyìn, Ṣàngó àti Yemọja wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2008 wọ́n yan ọgọ́rùn-ún olórin, Tom Jobim ni ó ṣe ìkíní. Ní ọdún 2009 wọ́n yan ọgọ́rùn-ún orin, Construção ni ó ṣíwájú. Láti ìgbà náà, bí àwọn ọ̀dọ́ Bràsíl bá ń jiyàn lórí orin àtijọ́, àwọn àkọsílẹ̀ yìí ni wọ́n ń tọ́ka sí, ìbáà ṣe láti gbà á tàbí láti kọ̀ ọ́.

Ohun tí ìkà kò lè kà

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ojú kan ṣoṣo wo ọ̀rọ̀ yìí. Àwo orin ni wọ́n kà. Ohun tí kò bá wọ inú àwo, kò sí bí ó ṣe lè wọ inú ìkà náà. Ìlù tí àwọn alágbà ń lù nínú ilé òrìṣà ní Salvador, láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún wá, ni orísun ijexá àti púpọ̀ nínú ohun tí Baden Powell fi gìtá ta. Orúkọ onígìtá wà nínú ìwé. Orúkọ onílù tí ó kọ́kọ́ lù ú kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n fi ṣe é. Irú òṣùwọ̀n tí wọ́n mú ni kò lè wọn irú ohun bẹ́ẹ̀. Muddy Waters ni ó fi orúkọ wọ inú orin, Wenner ni ó fi orúkọ náà dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ó kàn yí aṣọ padà ni.

Ní ọdún 2018, ẹ̀dà kejì dáwọ́ títẹ̀ ìwé oṣooṣù dúró, ó sì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Kì í ṣe òun nìkan: ọdún náà ni ti Ọsirélíà náà kógbá sílé, kí ẹlòmíràn tó tún jí i dìde lẹ́yìn náà. Ìpolówó ọjà tí ó jẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ìwé ìròyìn ti kó lọ sí ibòmíràn. Ogun tí ó pa ẹ̀dà àkọ́kọ́ ní 1973 ni ó tún padà wá bá ìkejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí i pa tán.

Kí ni ó wá ṣẹ́ kù? Orúkọ kò ṣẹ́ kù fún wọn, nítorí orúkọ kì í ṣe tiwọn. Bébà dídán ti lọ. Ohun tí ó kù ni ìwé 36 tí Maciel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ nígbà tí ìbọn ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àti àkọsílẹ̀ tí àwọn tí ó tẹ̀lé wọn fi ẹnu ara wọn ṣe, nípa orin ara wọn, ní èdè tí àwọn ará ilé wọn gbọ́. Ṣòkòtò náà àgbàbọ̀wọ̀ ni, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ó fi rìn, ẹsẹ̀ onílé ni.

Ẹ̀yin olùkà mi, bí a bá gbọ́ Babá Alapalá lẹ́nu Gil, inú wa a máa dùn pé ohun tiwa dé òkè òkun. Ó yẹ kí inú wa dùn. Ṣùgbọ́n kí ayọ̀ náà má jẹ́ kí a gbàgbé pé àwọn tí ó gbé e dé inú ìwé, èdè Potogí ni wọ́n fi kọ ọ́. Onílù wa, alárìnjó wa, ọ̀gá sákárà àti àpàlà wa tí ó kọrin tí kò wọ inú àwo, ọwọ́ ẹni tí ó gbọ́ ohun tí wọ́n wí ni ìtàn wọn wà. Kò sí ẹni tí yóò yá wa ní ohùn fún ìyẹn.